Ẹ Kú Ọdún Márùn-ún, Ilé Ọnà Ojú Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́!

Ẹ pe onílù kó máa bọ̀. Kí àwọn alápàlà Ẹ̀pẹ́, ìlú Ligali Mukaiba, gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agídìgbo wọn jáde. Kí àwọn onílù Ìkòròdú fa awọ le dáadáa, nítorí ayọ̀ tó dé yìí kì í ṣe èyí tí à ń yọ́ yọ̀. Musíọ̀mù Yẹmísí Shyllon, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Pan-Atlantic ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, lójú òpópónà tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́, ti pé ọdún márùn-ún. Oṣù Kẹwàá 2019 ló ṣílẹ̀kùn fún tọmọdé tàgbà. Oṣù Kẹwàá 2024 ló pé márùn-ún géérégé. Ọmọ ọdún márùn-ún ti ń sáré, ó sì ti ń béèrè ọ̀rọ̀ tí àgbà kì í tètè rí dáhùn. Ẹ kú oríire o! Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìnára, ẹ kú àìsùn lórí ohun tí kì í fọhùn.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé la ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí. Ọmọọba Yẹmísí Adédòyìn Shyllon, ọmọ ìdílé ọba Láàrún ní Aké, ọmọ Ẹ̀gbá tó wá fi ilé ọnà ta àwa ará etí ọ̀sà lọ́rẹ: bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Àwa tí a gbọ́ ìtàn 1865, nígbà tí ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú títí Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi kó ìbọn wá tú wọn ká, a lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí yìí. Ohun tí ọmọ Ẹ̀gbá gbé wá bá wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìbọn.

Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń fi owó tó ṣẹ́ kù ra bàtà gogoro, àwọn ń ra ère. Wọ́n rà á, rà á, ó lé ní 7,000. Wọ́n tún kó fọ́tò ọdún ìbílẹ̀ jọ láti ìlú dé ìlú káàkiri Nàìjíríà, ìyẹn náà lé ní 55,000. Ní 2007 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní OYASAF kí àwọn olùwádìí lè máa rí ibi wọlé wá wo ohun tí wọ́n ní. Èyí ì bá tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò tó fún wọn. Wọ́n ṣa 1,000 nínú rẹ̀, wọ́n ní kí yunifásítì máa kó o lọ, wọ́n sì fi owó lé e pé kí wọ́n fi kọ́ ilé tí wọn yóò kó o sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé ọkùnrin kan ní nǹkan púpọ̀. Àwọn tó ní nǹkan púpọ̀ kò wọ́n ní Èkó. Ohun tí à ń lu ìlù sí ni pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, tí ojú wọn ṣì ń rí i, tí ọkàn wọn ṣì ń fà sí i. A mọ bó ṣe máa ń parí lọ́wọ́ àwọn olówó wa. Wọn á gbé àwòrán kọ́ sí pálọ̀ òkè, àlejò tó bá wá jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí nìkan ni yóò rí i. Bí olówó bá wá jáde láyé, àwọn ọmọ á pín ilẹ̀, wọ́n á pín mọ́tò, wọ́n á wá wo ère tó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa gbé e. Oníṣòwò á dé lálẹ́. Kí ẹbí tó jí sí i, ère ti dé London.

Ẹ rántí Adétutù. Ben Enwonwu ya Adétutù Adémilúyì, ọmọọba Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ nínú àwòrán náà wà lára ògiri pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà, àmọ́ àwọn ojúlówó rẹ̀ di àwátì. Ó di 2017 kí wọ́n tó bá ọ̀kan, èyí tí Enwonwu yà ní 1974, nínú fúláàtì kan ní àríwá London. Ní Oṣù Kejì 2018 wọ́n fi ta gbàǹjo, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan páùn. Mo yọ̀ pé wọ́n rí i, mo sì yọ̀ pé ayé mọyì ọmọ wa tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló lè lọ wo Adétutù níbi tó wà báyìí? Iṣẹ́ Enwonwu tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí kò ní rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀, tó gba Ìtòíkin já sí Ẹ̀pẹ́, tó wá yí orí padà sí ọ̀nà Lẹ́kí, á dúró níwájú rẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Àwọn kan á ní ibẹ̀ jìnnà. Ó jìnnà sí ta ni? Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni ará Ẹ̀pẹ́ àti ará Ìkòròdú ti ń lọ bá nǹkan ní àárín ìlú Èkó. Bí a bá fẹ́ rí ère ìṣẹ̀ǹbáyé, Oníkan ni. Bí a bá fẹ́ wo tíátà ńlá, Ìgànmú ni. Ó ti tó gẹ́ẹ́ kí ará Ìkòyí náà ra epo sí mọ́tò, kó jí ní kùtùkùtù, kó wá bá wa. Ẹ̀ka márùn-ún ni Ìpínlẹ̀ Èkó pín sí, Ìkẹjà, Bàdágìrì, Ìkòròdú, Èkó àti Ẹ̀pẹ́, abẹ́ Ẹ̀pẹ́ sì ni Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí wà. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká yangàn díẹ̀: tiwa ni.

Ní agbègbè ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà, owó ló gbòde kan. Ilé ìfọpo Dangote wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́. Èbúté òkun Lẹ́kí wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kìíní 2023. Pátákó ẹ̀sítéètì ju igi àgbọn lọ, kò sì sí ibi tí ọmọ onílẹ̀ kò ti ní bàbá ńlá. Láàárín gbogbo ariwo tà-á-fún-mi-kí-n-rà-á yìí ni ilé kan dúró sí tí kò ní ohun kan tó fẹ́ tà fún ọ, tó ní kí o kàn wá wo ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ ṣe.

Ibi tó sì tọ́ sí i gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni ìrìn ni àwọn tó ni ilẹ̀ yìí. Ìtàn Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Huraka, ọdẹ tó ti Ilé-Ifẹ̀ rìn wọ inú igbó etí ọ̀sà. Ìtàn Ìkòròdú náà ní ọmọ Àkárìgbò kan tó ń jẹ́ Lásunwọ̀n ló ti Rẹ́mọ wá tẹ ìlú dó. Ẹ wá wo ti Kòsọ́kọ́, ọba Èkó. Ní Oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì da ìbọn bo Èkó, wọ́n sì lé ọba kúrò lórí ìtẹ́. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n tọ ọ̀sà lọ síhà ìlà-oòrùn, títí wọ́n fi rí ibi ìsádi ní Ẹ̀pẹ́. Òṣòdì Tápà wà lára wọn, ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ Núpé láti ilẹ̀ wá, tí ìrìn ayé gbé dé Èkó ní kékeré, tó sì di ìjòyè àti balógun. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1854 ni wọ́n bá kọ́ńsọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé kí Kòsọ́kọ́ máa ṣòwò ní èbúté Pálímà àti Lẹ́kí, kó sì gbàgbé ìtẹ́ Èkó.

Nígbà tó di 1862, ọ̀nà là, Kòsọ́kọ́ padà sílé. Àwọn èèyàn Òṣòdì bá a lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó títí dòní. Àwọn kan kò bá wọn padà. Ọmọ wọn ti mọ́ra, ọkọ̀ ẹja wọn ti mọ omi. Àwọn ni à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, tó ń ṣe ọdún Káyókáyó lọ́dọọdún láti fi rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ẹ tún un gbọ́ o: ará Èkó di ará Ẹ̀pẹ́, apá kan padà sí Èkó, wọ́n wá ń jẹ́ ará Ẹ̀pẹ́ ní Èkó, apá kejì dúró ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n wá ń jẹ́ ará Èkó ní Ẹ̀pẹ́! Bí oníṣọ̀nà òde òní bá wá ń fi iṣẹ́ rẹ̀ béèrè pé ta ni mí, níbo ni àwọn bàbá mi ti rìn wá, kí ni wọ́n gbé dání, ìbéèrè náà kì í ṣe àjèjì létí ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ó ti ń gbọ́ ọ látorí ẹní ìkókó.

Ẹni tó ya ilé musíọ̀mù náà gan-an, ìrìn ló gbé e dé. Ọ̀mọ̀wé Jess Castellote, ọmọ ilẹ̀ Spéìn tó ń ya àwòrán ilé, ti gbé Nàìjíríà ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kó tó di pé bíríkì kan wà nílẹ̀, ní 2011, ó ti ń kó àwòrán iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì yìí kan náà, kí ẹni tí kò ní musíọ̀mù nítòsí lè fi fóònù wò ó. Òun ló ya ilé, òun náà sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Kọnkéré ògiri rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ ilẹ̀ wa gan-an nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Wọn kò fi máàbù dídán da ojú wa láàmú, mo sì dúpẹ́ fún un. Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ ti di ọmọ ilé.

Orúkọ àfihàn tí wọ́n fi ṣílé ni Making Matter. Ohun tó dá lé ni èlò tí àwọn oníṣọ̀nà Nàìjíríà ń lò àti ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lò ó, láti ayé àwọn tó ń fi amọ̀ mọ ère títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jó irin pọ̀. Mo fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti gbá ọ̀rọ̀ mú yẹn. Wọn kò kọ́kọ́ bi wá pé ta ló ṣe é tàbí èló ni; wọ́n bi wá pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ìbéèrè alágbẹ̀dẹ nìyẹn, ìbéèrè aláró ni, ìyá tó ń hun ẹní ní abúlé Ẹ̀pẹ́ sì lè dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ó lọ yunifásítì. El Anatsui, ọmọ Ghana tó dé Nsukka ní 1975 láti wá kọ́ni, fi ìdérí ìgò ọtí so aṣọ ńlá tó ń bo odindi ògiri. Gbogbo ilé ọnà ńláńlá ayé ń lé e kiri. Ìdérí tí àwa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òde ni o.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì pé ọgbọ́n yìí ṣì wà nílé, kó bi Ìkòròdú. Àwọn ọmọ tí ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois kò dúró de kámẹ́rà olówó ńlá. Wọ́n fi bárò ṣe mọ́tò, wọ́n fi ohun èlò ilé ìdáná ṣe ohun ìjà, wọ́n ń ṣe fíìmù Amẹ́ríkà ní àṣetúnṣe nínú ọgbà ilé wọn, ẹ̀rín pa gbogbo ènìyàn. Ní 2020 wọ́n ṣe ti Extraction, ariwo rẹ̀ dé etí àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an, Netflix sì kó èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀yin olùtọ́jú musíọ̀mù, bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe àfihàn lórí èlò àti ọgbọ́n, mo rò pé bárò Ìkòròdú kan yẹ kó dúró láàárín ilé.

Ọ̀rọ̀ ìrán ìṣẹ̀ǹbáyé tún wà, òun ló sì máa ń fa iyàn jù. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, orí ènìyàn ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Ìlù ni kó máa gbọ́, kí eruku máa sọ, kí àwọn ìyá máa pàtẹ́wọ́. Bí a bá gbé e sórí pẹpẹ sínú yàrá tó tutù, ó dákẹ́. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láyé tó rí ọ̀rọ̀ yìí yanjú tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń ka àwọn fọ́tò ọdún ìbílẹ̀ tí Ọmọọba Shyllon kó jọ sí pàtàkì, àní bí àwọn ère bá tilẹ̀ ń gbowó lórí ju fọ́tò lọ: nínú fọ́tò, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ kan wà lókè, ẹnu onílù là. Àwọn oníṣọ̀nà òde òní ti wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní yàrá tirẹ̀ ní àfihàn ńlá Venice ní Ítálì, ní 2017, ènìyàn mẹ́ta la rán lọ: Peju Alatise gbé àwọn ọmọbìnrin oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, Victor Ehikhamenor gbé tirẹ̀, ẹni kẹta sì ni Qudus Onikeku, oníjó. Ara rẹ̀ ló gbé lọ. Inú iṣan ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló ní ìrántí àwọn bàbá òun ń gbé.

Mi ò sì ní purọ́ pé ohun gbogbo ló yẹ kó wọ musíọ̀mù. Ìkòròdú ní Elúkú, ó ní Orò, ó ní Agẹmọ. Àwọn tó ni ín mọ ohun tí ojú lè rí àti èyí tí ojú kò gbọdọ̀ rí. Kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìlú tó ṣì ń ṣe orò rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e sínú gíláàsì fún un. Iṣẹ́ tí a ṣe fún wíwò ni kí a máa wò, ó sì pọ̀ tó.

Ó pọ̀ tó, torí pé ìran àwọn oníṣọ̀nà wa gùn. Aina Onabolu, ará Ìjẹ̀bú-Òde, aládùúgbò wa, tí wọ́n bí ní 1882, ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ní ìgbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn rò pé àwòrán ojú ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1920 ó wọkọ̀ lọ London láti lọ kọ́ ọ sí i. Ó padà, ó sì ń yọ ìjọba lẹ́nu pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ iléèwé ní iṣẹ́ ọnà, títí wọ́n fi gbà. Lamidi Fakeye ti Ìlá Ọ̀ràngún, ìran karùn-ún agbẹ́gilére ni nínú ilé wọn, kò sì jẹ́ kí ó kú mọ́ òun lọ́wọ́ títí tó fi lọ ní 2009. Ilé ọdún márùn-ún ń tọ́jú iṣẹ́ ìran márùn-ún! Yusuf Grillo, tí wọ́n bí ní àdúgbò àwọn Àgùdà ní Èkó ní 1934, fi àwọ̀ aró ya àwọn ìyá wa, ọrùn wọn gùn, gèlè wọn dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá ti rí ìyá aláró lẹ́nu ìkòkò rẹ̀ rí kò ní béèrè ibi tí Grillo ti rí àwọ̀ náà. Bàbá náà jáde láyé ní Oṣù Kẹjọ 2021. Musíọ̀mù yìí kò tíì pé ọdún méjì nígbà náà, àmọ́ iṣẹ́ wọn ti rí ibi fìdí kalẹ̀ sí.

Ọdún àkọ́kọ́ gan-an ì bá tilẹ̀ lè pa ilé náà. Wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹwàá, nígbà tó fi máa di Oṣù Kẹta 2020 àrùn Kòrónà dé, ìjọba tì wá mọ́lé, ilé ọnà dákẹ́ bí ti gbogbo ènìyàn. Ilé mìíràn ti ibẹ̀ kú. Wọ́n gbé tiwọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ọ̀nà fi là, nígbà tó sì di 2021 wọ́n gbé àfihàn àwọn obìnrin oníṣọ̀nà jáde, tí wọ́n pè ní Invincible Hands. Ó pẹ́ tí irú rẹ̀ ti yẹ kó wáyé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ka àwọn oníṣọ̀nà Nàìjíríà láti Onabolu dé Anatsui láìdárúkọ obìnrin kan. Ẹni tó bá ṣì ní obìnrin kò sí níbẹ̀, kó yẹ ẹ̀yìn ogún náírà wò: Ladi Kwali àti ìkòkò rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí a yọ̀ lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jókòó pète rẹ̀. Òpópónà wa ti di òpópónà ọnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Lẹ́kí, níbi tí Màmá Nike Davies-Okundaye kọ́ ilé alájà mélòó kan sí, tí àdìrẹ àti àwòrán kún un dé òrùlé. Ẹ máa bọ̀ títí ẹ fi kan musíọ̀mù yìí. Ẹ kọjá Ẹ̀pẹ́, ẹ dorí kọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó dé ẹ̀bá oko tí Yinka Shonibare kọ́ ilé sí fún àwọn oníṣọ̀nà àlejò. London ni wọ́n bí Shonibare sí ní 1962, Èkó ló ti dàgbà, ó padà sí London, aṣọ àǹkárá ló sì fi ṣe ìgbòkun ọkọ̀ ogun Nelson tó wà nínú ìgò ńlá, tí wọ́n gbé sí Trafalgar Square ní 2010. Ní 2022 ni ilé àlejò rẹ̀ ní Èkó àti èyí tó wà nínú oko Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn fi ilé sílẹ̀ lọ ilẹ̀ òkèèrè lè wá sùn níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ òjò tó ń rọ̀ sórí ewé kókò. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló lé Kòsọ́kọ́ wá sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó fi àǹkárá bo ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá ń gba àlejò lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ayé yí o, ó sì yí síbi tó dáa.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ Yunifásítì Pan-Atlantic, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin olùtọ́jú àti ẹ̀yin tó ń ṣètò àfihàn, ẹ kú ìrònú. Ẹ̀yin tó ń nu eruku lára ère, ẹ̀yin tó ń ṣọ́ ẹnubodè, ẹ̀yin tó ń mú àlejò kiri tí ẹ sì ń dáhùn ìbéèrè kan náà nígbà ogún lóòjọ́ láìbínú, ẹ̀yin gan-an ni mo fi ìlù yìí kí. Ọba Òkè kò ní jẹ́ kí òjò jò sí yín nílé, iná kò ní jó o, olè kò ní mọ̀ ọ́n. Owó tí ẹ ó fi ra epo jẹnẹrétọ̀ kò ní wọ́n yín, nítorí ooru kò mọyì iṣẹ́ ọnà.

Ṣé mo lè bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan lọ́jọ́ ayẹyẹ? Ẹ ṣe àfihàn Kòsọ́kọ́ fún wa. Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ oníṣọ̀nà Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, àwọ̀n ẹja, aṣọ Káyókáyó àti fíìmù inú fóònù wọn wá, kí wọ́n sọ ìrìn náà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí Yorùbá dún nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn, kí ó dún gan-an, pẹ̀lú Ìjẹ̀bú tó ki pọ́pọ́.

Ẹ̀yin tíṣà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ẹ má dúró de ọdún kẹwàá. Ẹ kó àwọn ọmọ sínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá wọn wí tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tí wọ́n rí. Tí ẹ bá ń padà lọ, ẹ yà ní ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ rí ẹja tó ṣì ń ta pútú nínú ọpọ́n. Ẹ sáà mú owó dání, nítorí àwọn ìyá ẹlẹ́ja Olúwo kì í tà láwìn fún ẹni tó bá wí pé iṣẹ́ ọnà lòun lọ wò.